Oògùn Tí Kò Dúró Nínú Mi

Ìlá-Ọ̀ràngún,
Ọjọ́ Àlàmísì, lẹ́yìn ìrun Àlásárì.

Rọ́fíátù Àbẹ̀kẹ́, ọmọ mi,

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́ lánàá. Mo ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, mo kà á tán, mo wá wọlé lọ kà á fún ìyá rẹ. Nígbà tí mo dé ibi tí o ti ní òtútù ìlú òyìnbó náà ń wọ egungun, ó ní kí n dúró ná. Ó lọ sí yàrá, ó gbé aṣọ òfì rẹ̀ jáde, ó ní òun yóò wá ẹni tó ń lọ sọ́hùn-ún tí yóò bá òun gbé e fún ọ. Aṣọ náà ṣì wà lórí àga bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí. Ara gbogbo wa le, a sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó gbé ọ gúnlẹ̀ láyọ̀.

Ibì kan wà ní ìsàlẹ̀ ojú ewé kẹta tí n kò kà sí ìyá rẹ létí. O ní ẹ̀ẹ̀mẹta lo ti po àwọn hóró oògùn kéékèèké tí wọ́n ní kí o ṣe, tí ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì bàjẹ́, tí wọ́n dì mọ́ra wọn, tí wọ́n rọ̀ sí ìsàlẹ̀ ìgò. O ní ìgbà kẹrin ló tó dára, pé èyí tó dára yẹn nìkan lo kọ sínú ìwé iṣẹ́ rẹ. O kò sọ ti mẹ́ta àkọ́kọ́ fún ọ̀gá rẹ, torí pé ìwọ nìkan ni aláwọ̀ dúdú níbẹ̀, o kò sì fẹ́ kí wọ́n rò pé o kò mọṣẹ́. O kọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ kọjá lọ. Èmi kò lè kọjá níbẹ̀. Òun ló jẹ́ kí n mú bírò, kí n sì kọ lẹ́tà tó gùn tó báyìí, irú èyí tí n kò kọ rí.

Ṣùgbọ́n kí n tó dá ọ lóhùn, mo fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ. N kò tíì ṣe é bó ṣe yẹ. Lọ́jọ́ tí o ń lọ, mo gbé àpótí rẹ sínú ọkọ̀, mo ṣe àdúà, mo padà sí ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ. Ní ilé tí wọ́n ti tọ́ mi, bàbá kì í dúró níwájú ọmọ kó máa dúpẹ́. Lórí ìwé, ojú kò tì mí tó bẹ́ẹ̀.

O mọ ìtàn àìsàn mi láti ìgbà tí ìwọ ti bá a nínú ilé. Jẹ́ kí n sọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ fún ọ. Ìrèsì ni wọ́n ti tọ́ mi, lọ́dọ̀ àwọn ará ilé ìyá mi, títí mo fi dàgbà tó ẹni tí wọ́n lè fi sẹ́nu iṣẹ́. Ọ̀rẹ́ kan wà fún mi níbẹ̀ tó ń jẹ́ Sàlámì. Oko obì bàbá rẹ̀ ni a máa ń bá wọn lọ, odò kékeré kan sì wà lẹ́yìn oko náà tí àwa méjèèjì kì í fẹ́ jáde kúrò nínú rẹ̀. Láìpẹ́, àwa méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í tọ ẹ̀jẹ̀. Àtọ̀sí ajá tí ènìyàn ń kó nínú odò ni, àmọ́ ta ló sọ fún wa? Àwọn tó jù wá lọ ní ó ti ṣe àwọn náà rí, pé bí ọkùnrin ṣe ń dàgbà nìyẹn. A tiẹ̀ ń fi yangàn. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ó dáwọ́ dúró, a gbàgbé rẹ̀. Ohun tí ó kù sí mi lọ́kàn ni pé ẹ̀jẹ̀ nínú ìtọ̀ kì í ṣe ohun tí ọkùnrin ń pariwo lé lórí.

Mo wá sí Ìlá wá kọ́ṣẹ́ télọ̀. Níbẹ̀ ni mo ti kọ́ sìgá lọ́wọ́ àwọn tó ṣáájú mi lẹ́nu iṣẹ́. A ní kì í jẹ́ kí oorun kùn wá nídìí ẹ̀rọ. Ó lé lógún ọdún tí mo fi mu ún. Ìyá rẹ bẹ̀ mí títí, ó sú u. Nígbà tí dókítà wá bi mí ohun tó lè fa àìsàn yìí, mo sọ ti odò fún un, mo sì sọ ti sìgá. Ó ní òun kò lè búra èyí tó jẹ́ nínú méjèèjì, ṣùgbọ́n sìgá ni òun fura sí jù. Láti ọjọ́ náà ni n kò ti fi ẹnu kàn án mọ́.

Ọdún tó tẹ̀lé ìgbà tí wọ́n yọ Ọ̀ṣun kúrò lára Ọ̀yọ́ ni ẹ̀jẹ̀ tún yọjú. Kò dùn mí rárá. Mo ní odò Ìrèsì ni, yóò lọ bó ṣe lọ nígbà yẹn. Lóòótọ́ ó lọ, ó tún dé. Mo ra kápúsù lọ́wọ́ ẹni tó ń kiri oògùn, mo lò ó, ó lọ, ó tún dé. Báyìí ni mo fi oṣù mẹ́jọ pa á mọ́. Ìwọ náà mọ̀ pé funfun ni wọ́n fi mọ̀ mí lọ́jọ́ Jímọ̀. Mo gé ṣòkòtò dúdú mẹ́ta, mo rán wọn fún ara mi, mo ní ara mi kò gba funfun mọ́.

Àwọn tí a jọ ń kírun kò rí i. Ìyá rẹ tí a jọ ń gbé kò fura. Ìwọ tí o wá fi oṣù mẹ́ta lo ìsinmi láti yunifásítì lo rí i. Ó ku ọdún kan kí o di apòògùn nígbà náà. O ní láti ìgbà tí o ti dé n kò wọ funfun, ṣé kò sí nǹkan? Mo jágbe mọ́ ọ. Mo bi ọ́ bóyá ohun tí wọ́n ń kọ́ yín níbẹ̀ ni kí ẹ máa ka aṣọ sí bàbá lọ́rùn. Ní ọjọ́ kẹta, o wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án, o kúnlẹ̀ sáàárín àwọn ègé aṣọ.

O ní, "Bàbá, ẹ lè bínú sí mi títí ìsinmi yìí yóò fi parí. Mo ti rí ẹ̀jẹ̀ nílẹ̀ balùwẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ jáde. Bí ẹ kò bá bá mi lọ sọ́dọ̀ dókítà, n kò ní padà sílé ẹ̀kọ́."

Mo ní kí o dìde. O kò dìde. Oníbàárà kan wọlé wá wọn aṣọ, o ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀, mo fi téèpù wọn èjìká ọkùnrin náà lẹ́ẹ̀mejì, n kò sì rántí kọ iye rẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tó jáde, mo ní a ó lọ lọ́jọ́ Ajé. Àbẹ̀kẹ́, ìbínú kọ́ ló mú mi gbàgbé lọ́jọ́ náà. Ara ló tù mí, lẹ́yìn oṣù mẹ́jọ. O ṣeun, ọmọ mi. Ọlọ́run yóò fún ọ ní ọmọ tí yóò lè kúnlẹ̀ báyẹn fún ìwọ náà.

Ìyókù ojú rẹ ló ṣe. Ní ilé ìwòsàn ńlá tí wọ́n júwe wa sí, wọ́n ti ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní iná lórí gba ojú ọ̀nà ìtọ̀ mi wọ inú àpò ìtọ̀, wọ́n rí ohun kan tó hù lára ògiri rẹ̀ bí olú. Wọ́n gé e, wọ́n lọ yẹ̀ ẹ́ wò, ó jẹ́ jẹjẹrẹ. Dókítà ní ǹ bá ti tètè wá, ṣùgbọ́n kò tíì ta gbòǹgbò wọ inú ẹran. Ó ní kí ó má baà padà, òun yóò máa fi rọ́bà tú oògùn sínú àpò ìtọ̀ náà lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Kí n dì í mú fún wákàtí méjì, kí n máa yí ara padà lórí ibùsùn, ọ̀tún, òsì, ẹ̀yìn, ikùn, kí oògùn lè kan gbogbo ògiri. Lẹ́yìn náà kí n lọ tọ̀ ọ́ jáde.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́, o jókòó tì mí. Ò ń wo aago, ò ń sọ ìtàn àwọn olùkọ́ rẹ fún mi kí n lè gbàgbé ara mi. Bí ẹni tí wọ́n da ata sí nínú ni ó máa ń rí, síbẹ̀ mo dì í mú torí pé ojú rẹ wà lára mi. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta ni o bi dókítà léèrè ohun tí èmi kò jẹ́ rò láé. O ní, "Ẹ jọ̀wọ́ sà, kí ló dé tí oògùn kò lè dúró fúnra rẹ̀, kó jẹ́ pé bàbá ni kó máa dì í mú?"

Inú dókítà dùn sí ìbéèrè náà. Ó jókòó, ó ṣàlàyé. Ó ní Ọlọ́run dá ògiri àpò ìtọ̀ kí ìdọ̀tí inú ìtọ̀ má baà gba ibẹ̀ padà sára, pé ìdáàbòbò yẹn kan náà ni kì í jẹ́ kí oògùn wọ ògiri náà. Ìtọ̀ tuntun á sì máa já wálẹ̀, á máa là á, agbára rẹ̀ á sì máa dín kù, títí aláìsàn yóò fi tọ gbogbo rẹ̀ dànù. Ó ní àwọn kan nílẹ̀ òkèèrè ń gbìyànjú láti fi ọ̀rá wé oògùn ní hóró hóró, hóró tó kéré débi pé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo kòkòrò àìsàn gan-an kò lè rí i, kí ó lè lẹ̀ mọ́ ògiri, kí ó máa jò síbẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó ní inú ìgò àti lára eku ni wọ́n ṣì ti ń dán an wò, kò tíì dé ọ̀dọ̀ irú èmi. Mo wo ojú rẹ nígbà tó ń sọ̀rọ̀. Mo mọ̀ pé o ti rí iṣẹ́ tí o máa ṣe. Èmi fi òye télọ̀ gbọ́ ọ: ó dà bí aṣọ líle tí a máa ń fi áyọ́ọ̀nù gbígbóná lẹ̀ mọ́ inú kọ́là. Bí o bá kàn gbé e lé e, yóò bọ́. Tí o bá mọ bó ṣe ń lẹ̀, wọn yóò fọ̀ ọ́ fọ̀ ọ́, kò ní kúrò níbẹ̀.

Ohun tí o kò mọ̀ ló kàn báyìí. Èmi àti dókítà nìkan la mọ̀ ọ́.

O padà sílé ẹ̀kọ́. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, èmi nìkan ni mo lọ. Wọ́n tú oògùn sí mi nínú. Kò tíì pé ìdajì wákàtí tí ara mi kọ̀ ọ́. Mo di etí ibùsùn mú, mo ka gbogbo ohun tí mo mọ̀ nínú Àlùkùránì, kò ràn mí. Mo sáré lọ tọ̀ ọ́ dànù. Nígbà tí nọ́ọ̀sì dé lẹ́yìn wákàtí méjì, ó bi mí, "Bàbá, ṣé ẹ dì í mú?" Mo ní, "Mo dì í mú dáadáa." Ojú ló tì mí. Èmi, bàbá àgbàlagbà, kí n sọ fún ọmọbìnrin tí kò ju ọ lọ pé n kò lè dá ìtọ̀ dúró? Ó kọ ọ́ sínú ìwé mi pé wákàtí méjì. Bẹ́ẹ̀ ló rí ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún. Bẹ́ẹ̀ ló rí ní ọ̀sẹ̀ kẹfà.

Nígbà tí wọ́n tún ti ọ̀pá oníná wọlé, ó ti hù padà ní ojú méjì. Dókítà ka ìwé mi láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó ní mo ti gba oògùn náà pé, kò ràn mí, kò sí ohun tó kù ju kí àwọn gé gbogbo àpò ìtọ̀ náà kúrò, kí ìtọ̀ mi máa gba ẹ̀gbẹ́ ikùn jáde sínú rọ́bà títí ayé. Ó dá ọjọ́ fún mi. Ìgbà yẹn ni o kọ̀wé sí wa pé ò ń gbààwẹ̀. Ìyá rẹ kò lè jẹun. Èmi mọ̀ pé irọ́ wà nínú ìwé yẹn, síbẹ̀ mo fi ọ̀sẹ̀ kan rìn káàkiri ìlú yìí láì sọ ọ́ fún ẹnìkan. Mo rò ó pé ó sàn kí wọ́n gé mi ju kí n jẹ́wọ́ lọ. Wo bí ìtìjú ṣe lè sọ ènìyàn dà.

Ọjọ́ tí wọ́n ní kí n wá tọwọ́ bọ ìwé iṣẹ́ abẹ ni mo jẹ́wọ́. Dókítà ti na bírò sí mi. Mo gbà á, mo gbé e sórí tábìlì. Mo ní, "Dókítà, mo purọ́ fún yín. N kò dì í mú."

Ó bi mí ẹ̀ẹ̀melòó. Mo ní ẹ̀ẹ̀mẹta nínú mẹ́fà. Ó ṣí ìwé náà sí ojú ewé tí nọ́ọ̀sì kọ̀wé sí. Kò bá mi jà. Ó ní, "Bàbá, ohun tí mo kọ síbí ni pé oògùn kò ràn yín. Irọ́ ni mo kọ, n kò sì mọ̀. Ọ̀la ni ǹ bá gé ohun tí n kò lè dá padà. Ẹ ṣé tí ẹ sọ fún mi."

Ó wá ní bí mo bá ti sọ ọ́ ní ọjọ́ àkọ́kọ́ ni, oògùn wà tó ń mú kí àpò ìtọ̀ rọlẹ̀ tí òun ì bá fún mi, kí n sì má mu omi láti òwúrọ̀ ọjọ́ náà. Ohun kékeré báyẹn. Wọ́n gé ohun tó hù, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà mìíràn. Mo dì í mú. Ní ọjọ́ kan tí ó ṣẹ́kù ogún ìṣẹ́jú tí n kò lè ṣe é mọ́, mo pe nọ́ọ̀sì, mo sọ fún un, ó kọ iye ìṣẹ́jú náà bó ṣe rí. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ mí wò, ó mọ́. O rò pé dókítà kàn yí ọkàn padà ni. O ní Ọlọ́run gbọ́ ààwẹ̀ rẹ. Mo gbà pé ó gbọ́ ọ; ẹnu mi ni ó ṣí.

Nítorí náà, Àbẹ̀kẹ́, ní ọjọ́ tí lẹ́tà yìí bá dé, lọ bá ọ̀gá rẹ. Sọ fún un pé ẹ̀ẹ̀mẹta ló bàjẹ́, kí o sì kọ bó ṣe bàjẹ́ sínú ìwé náà, ọjọ́ rẹ̀, ohun tí o pò pọ̀, ohun tí o rí nínú ìgò. Bí ojú bá tì ọ́, jẹ́ kó tì ọ́. Ó lè mọ ohun kékeré kan tí yóò tún un ṣe. Ohun tí o bá kọ ni ẹlòmíràn yóò kà, yóò sì fi ṣe ìpinnu lé ẹni tí ó dùbúlẹ̀ lórí. Èmi ti jẹ́ ẹni tí ó dùbúlẹ̀ yẹn.

Nígbà tí ara mi le, mo wọ ọkọ̀ lọ sí Ìrèsì láti wá Sàlámì rí. Mo fẹ́ sọ fún un pé bó bá rí ẹ̀jẹ̀, kó má fi ti àtijọ́ ṣe. Ìyàwó rẹ̀ ni mo bá nílé, tó ń ṣa obì. Sàlámì ti kú lọ́dún tó ṣáájú. Ó ní wọ́n ní inú rírun ni. Mo bi í bóyá ó rí ohun kan lára aṣọ rẹ̀. Ó ní rárá o, ọdún méjì gbáko ni ọkọ òun fi ń fọ aṣọ ara rẹ̀, òun rò pé ìkẹ́ ni ó ń kẹ́ òun. Mo bá a ṣa obì títí ọkọ̀ fi dé. Láti ìgbà náà, bí a bá kírun Jímọ̀ tán, mo máa ń dìde sọ ọ́ fún àwọn ọkùnrin: bí o bá rí ẹ̀jẹ̀, bó dùn ọ́, bí kò dùn ọ́, lọ fi han dókítà. Àwọn kan kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ẹni méjì ti wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù ní ìdákọ́ńkọ́, mo sì ti mú àwọn méjèèjì lọ. Wo bí ìkúnlẹ̀ rẹ ṣe ń ṣiṣẹ́ lọ.

Ẹ̀gbọ́n mi, Alàájì Búsàrí, tún wá lọ́sẹ̀ tó kọjá. O mọ̀ ọ́n. Ó ní irú iṣẹ́ wo ni ọmọbìnrin ń ṣe nípa àpò ìtọ̀ ọkùnrin, pé ìgbà wo lo fẹ́ lọ́kọ. Mo ní ẹ̀gbọ́n mi, bí kì í bá ṣe ọmọbìnrin yẹn, ọ̀rọ̀ òkú mi ni ẹ̀ ń bá ìyá rẹ̀ sọ báyìí. Ó mu omi, ó lọ. Ìmọ̀ràn tèmi lórí ìyẹn kò gùn: ẹni tí o bá lè sọ ohun tó bàjẹ́ fún láì bẹ̀rù, òun ni kí o fẹ́. Mo fi ìyá rẹ sínú òkùnkùn fún oṣù mẹ́jọ. Ó ti dárí jì mí, ṣùgbọ́n títí di òní, bí mo bá pẹ́ ní balùwẹ̀, á wá dúró lẹ́nu ọ̀nà.

Máa jẹun. Má fi ìrun ṣeré. Ra bàtà tó nípọn.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan. Dókítà ní irú àìsàn yìí máa ń padà, pé títí láé ni wọn yóò máa yẹ̀ mí wò. Oṣù tó kọjá ni mo lọ kẹ́yìn, ó mọ́, alihamudu lilahi. Ó lè má mọ́ lọ́jọ́ kan. Bí ìyá rẹ bá kọ irú ìyẹn sí ọ, má ṣe di ẹrù rẹ wálé. Mo mọ̀ pé èmi lò ń rò nígbà tí o yan iṣẹ́ yìí, o fẹ́ kí oògùn náà tètè jáde kí ó lè bá mi láyé. Mo dúpẹ́ ju bí mo ṣe lè kọ ọ́ lọ. Ṣùgbọ́n má ṣe torí mi kánjú, má sì torí mi fo nǹkan kan. Ó lè jẹ́ ọkùnrin kan tí wọn kò tíì bí ni yóò lo oògùn náà, ní ìlú tí ìwọ àti èmi kò ní dé, tí kò ní mọ orúkọ rẹ. Wọn yóò tú u sí i nínú, yóò dìde nígbà tó bá wù ú, yóò lọ tọ̀, oògùn yóò sì dúró. Èmi ti gba ìtọ́jú tèmi lọ́wọ́ rẹ. Ti ọkùnrin yẹn ni kí o máa ṣe.

Èmi ni bàbá rẹ tó ń dúpẹ́,
Mùdáṣírù.